Àgbò Tí Mo Fẹ́ Lọ Tà

Ọjọ́ tí mo fa àgbò jáde nílé mi ní Ṣàngó, kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Àbújá ló ra àgbò náà ránṣẹ́ fún Iléyá, ó ní kí n máa sìn ín kí ilé má baà dákẹ́ jù. Ta ló sọ fún un pé mo ń wá ariwo? Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí wọ́n fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mi ò kí aládùúgbò. Bí ọmọdé bá gbá bọ́ọ̀lù wọ ọgbà mi, ó dìgbóṣe nìyẹn. Àgbò yìí wá ń ké tọ̀sán tòru. Nígbà tó sú mi, mo ní ọjà Ipata ni màá tà á sí.

Oníkẹ̀kẹ́ kankan ò gbà láti gbé wa, torí kò sí èyí tí mi ò tíì bú rí nínú wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ dúró, ó wojú mi, ó wojú àgbò, ó ní òun lè gbé àgbò nìkan.

Mo bá we okùn mọ́ ọwọ́, a fẹsẹ̀ rìn. A ò tíì rìn jìnnà tí àgbò fi gbóòórùn èèpo iṣu. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé Sulu, bíríkìlà kan tí mi ò kí rí. Ni àgbò bá ki eré mọ́lẹ̀, okùn ò sì ṣeé tú lọ́wọ́ mi. Bàtà mi kan wọ gọ́tà, fìlà mi fò lọ, ṣòkòtò mi ya, bẹ́ẹ̀ la ṣe já wọ abẹ́ kánópì, tá a tún da abọ́ ìrẹsì nù.

Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, èémí ò jẹ́. Ìyá Sulu ti kúnlẹ̀. Ó ní adìyẹ làwọn ì bá fi ṣe é, torí ọmọ òun ò rówó àgbò, àfi bí èmi àgbàlagbà ṣe fa àgbò wá fúnra mi. Kí n tó lanu, Àáfáà ti bẹ̀rẹ̀ àdúà, gbogbo èèyàn ń ṣe àmín. Ta ló fẹ́ dá àdúà dúró kó ní Ipata ni àgbò òun ń lọ? Èmi náà ṣe àmín.

Wọ́n fún mi ní àga ńlá, wọ́n fi ìró bo ibi tí ṣòkòtò mi ti ya, Sulu sì gbé ọmọ sí mi lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí,” ni Àáfáà wí. “Ẹ fún un lórúkọ kan.”

Mo wo ọmọbìnrin kékeré náà. Orúkọ ìyàwó mi, tí mi ò tíì pè sókè látọjọ́ tá a ti sin ín, ló jáde lẹ́nu mi: “Àlímọ̀tù.” Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn tí mi ò kí rí. Ó dùn mí, inú mi sì tún ń dùn.

Ìyá Sulu ò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní, “Ẹ óò máa wá wò ó o, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó mọ lónìí.”

Mo sì ń lọ. Nígbà tó yá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ọmọ wá láàárọ̀ bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń torí rẹ̀ bá gbogbo ayé jà, mi ò fẹ́ ẹ rárá. Èèyàn ni mo ń fẹ́. Bí mo bá rántí bá a ṣe já wọ ilé wọn lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín máa ń pa mí. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, Àlímọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sí mi láyà ni, inú ni mo ń rín in sí.