Bí Kámẹ́rà Mi Ṣe Sọ Ìyàwó Ilé Wa Di Aláwọ̀ Àlùkò

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi láyé: ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún ìdílé wa ní Jakande, Isolo, pé kí wọ́n má wulẹ̀ pe oníṣẹ́ fọ́tò, pé èmi lè ṣe é. Màmá wa ń padà sí Èkìtì pátápátá lọ́jọ́ Ajé. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè, tí gbogbo ọmọ àti ìyàwó ilé yóò wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á gbé kọ́ sí pálọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà kan tí wọ́n ń pè ní réńjìfáíńdà ni. Ojú tí èèyàn fi ń wòran lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ojú tí òun fúnra rẹ̀ fi ń ya àwòrán. Sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí, tóbi tó fíìmù ayé àtijọ́ gẹ́lẹ́. Mo wá gbé lẹ́ǹsì bàbá mi, èyí tó ti wà láti ayé fíìmù, sí i lẹ́nu, torí pé ibi tó fẹ̀ ló máa ń rí, pálọ̀ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ilé adìẹ lọ.

Nílé wa, Màmá ló ń jókòó sáàárín, àwọn ọmọ á tò lọ́tùn-ún lósì bí wọ́n ṣe dàgbà tó. Ti ìyàwó ilé yàtọ̀: ọjọ́ tó wọlé là ń kà, a kì í ka ọjọ́ orí. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ní Okota, tó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ṣe bọ́ sí ìkángun nìyẹn, torí oṣù mẹ́ta péré ló lò nílé wa. Èmi gan-an ni mo ní kó sún síbẹ̀.

Mo yà, mo yà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ro wọ́n.

"Àbúrò," ẹ̀gbọ́n mi ní, "kí ni dúdú tó wà lẹ́nu kámẹ́rà yẹn?"

Ìdérí lẹ́ǹsì ni! Kámẹ́rà mìíràn ìbá ti ṣókùnkùn mọ́ mi lójú. Tèmi ń fi gbogbo wọn hàn mí kedere, ó ń wò mí níran.

Màmá ní, "Ṣé inú ìdérí lo ń kó wa sí látàárọ̀?"

Mo tún un yà, mo sì gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n. Màmá ń dán gbinrin láàárín. Ṣùgbọ́n ìkángun ṣókùnkùn, ojú ìyàwó wa sì dà bí ẹni tí wọ́n da sóbò lé lórí. Lódìkejì, aṣọ fèrèsé nìkan ló wà níbẹ̀, àlùkò lòun sì jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò hàn bóyá òun náà yí àwọ̀. Ta ni yóò jẹ́rìí mi?

Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, orúkọ tó sọ mí ló pè.

"Akọ̀wé mi," ohùn rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ, "ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó síbẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ mi nílé yín, ẹ fẹnu sọ ọ́. Ẹ má fi kámẹ́rà sọ ọ́."

Ó wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e, ó ti ilẹ̀kùn.

Inú bí mi. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn ojú ewé méjì, ẹ̀sùn kìíní dé ìkeje, mo gbé e, tòun ti kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì rẹ̀, lọ bá bàbá tó ta kámẹ́rà fún mi ní Oshodi. Mo dúró kà á sí wọn létí. Ẹ̀sùn karùn-ún ni pé kámẹ́rà náà ń ṣe ojúsàájú.

"Ó tán?" Bàbá gbé ife jíjìn kan kalẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ ìnujú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì da omi láti inú kẹ́tùlù. "Fíìmù nìyí, aṣọ. Ibi yòówù kí òjò gbà wá, yóò tutù. Sẹ́ńsọ̀ nìyí, ife. Òjò tó bá rọ̀ lóòró ló ń kún un. Èyí tó bá dagun, ara ògiri ife ló ń bà, á ta sínú ife aládùúgbò, àwọ̀ á sì dàrú, torí ife kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìdí lẹ́ǹsì yìí sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ jù. Àárín ń rí òjò òòró, ìkángun ń rí èyí tó dagun."

"Ife mélòó ló wà nínú rẹ̀, sà?"

"Ọ̀kẹ́ àìmọye, lórí ohun tí kò tó páálí ìṣáná. Wọ́n tún fi gíláàsì tíntìntín bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti etí, wọ́n yẹ̀ wọ́n díẹ̀ sí àárín kí wọ́n lè pàdé ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ti lẹ́ǹsì bàbá rẹ ló kọjá agbára wọn."

Mo gbójú sókè, n kò lè pa ẹnu dé. Ta ló jókòó tó yẹ gíláàsì tí ojú ò lè rí, kí ẹni tó wà ní ìkángun má bàa ṣókùnkùn? Èmi tí mo ní ojú méjì, mi ò ro tirẹ̀ rárá.

"Lẹ́ǹsì ò jẹ̀bi," Bàbá ní, "kámẹ́rà ò jẹ̀bi. Ta ló ṣe alárinà wọn?"

Mo ká ìwé ẹ̀sùn mi sápò.

Nílé, mo gbé kẹ́tùlù àti ife síwájú gbogbo wọn, mo ṣàlàyé títí. Ìyàwó wa kọ ẹ̀yìn sí mi. Màmá ló dájọ́: "Bó bá jẹ́ òótọ́, ìwọ lọ jókòó síbẹ̀. Ìyàwó mi, wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo ṣètò kámẹ́rà kó ya fọ́tò fúnra rẹ̀, mo sáré lọ sí ìkángun. Nígbà tí fọ́tò jáde, ojú ìyàwó wa ń tàn bí oṣù. Tèmi? Sóbò pọ́ńbélé. Ó wò ó, ó di ògiri mú, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Akọ̀wé mi, ẹ mà rẹwà o!"

Fọ́tò yẹn ló wà ní pálọ̀ Èkìtì báyìí. Mo ti kọ́gbọ́n pé kí n tó kọ ẹ̀sùn méje, kí n kọ́kọ́ béèrè bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àlejò ló ń bi Màmá pé kí ló ṣe ọmọ wọn tó wà ní ìkángun yìí. Màmá á ní, "Ó mọ̀wé jù ni." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Kí ni n bá tún ṣe?