Kẹ́ẹ̀gì Tó Gba Ìjókòó Ràbíátù

Oṣù kẹta rèé tí kẹ́ẹ̀gì epo ti ń jókòó níwájú nínú ògbólógbòó pikọ́ọ̀pù Alàájì Láwàlì, tí hóòsì ti inú rẹ̀ gba ojú fèrèsé lọ sínú ẹ́ńjìnì. Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ wá ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tó sú u, ó kó lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Adó-Odò, ó ní òun kò ní padà àfi bí kẹ́ẹ̀gì bá dìde fún òun. Ni Láwàlì, tó mọ mọ́tò ju ẹni tó ṣe é lọ, bá gbé ọkọ̀ tọ Dúrótoyè mẹkáníìkì lọ ní Sàngó.

Dúrótoyè wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

"Alàájì, tánkì dà?"

"Òun lò ń wò yẹn."

"Ọṣẹ ni mò ń wò."

"Abẹ́ ọṣẹ ló wà. Ibi tó bá ti ń jò ni mo máa ń fi ọṣẹ dí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Dúrótoyè fi ìka kan ọṣẹ. Ọṣẹ já bọ́, tánkì sì tẹ̀ lé e.

"Mo ti bá ọ dín iṣẹ́ kù," ni Láwàlì wí.

"Páìpù epo náà ti jẹrà. Ẹ wò ó, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìpékeré. A ó pààrọ̀ rẹ̀."

"Páìpù yẹn ò ṣe nǹkan kan. Láti oṣù mẹ́ta tí epo ò ti gba inú rẹ̀ kọjá, ó ti sinmi dáadáa."

"Ìsinmi náà ló pa á, sà."

Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ àtàrí, tánkì àti páìpù tuntun ti wà nídìí ọkọ̀. Dúrótoyè ṣílẹ̀kùn iwájú, ó dúró.

"Ta ló de kẹ́ẹ̀gì ní bẹ́líìtì?"

"Èmi ni. Ọ̀nà Ìjù ò dáa. Mo tún máa ń bá a sọ̀rọ̀ kí ó má baà dànù."

"Ṣé ẹ máa ń de ìyàwó yín náà?"

"Ràbíátù kì í jò."

Dúrótoyè da epo inú kẹ́ẹ̀gì sí tánkì tuntun. Àwọn méjèèjì lóṣòó, wọ́n ń wo abẹ́ ọkọ̀. Kò kán. Láwàlì sì ti yọ ọṣẹ lápò.

"Ẹ fi ìyẹn fọ ìjókòó," ni Dúrótoyè wí. "Epo ló ń rùn níbẹ̀."

Láwàlì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí àyè awakọ̀.

"Dúrótoyè, kí ni mo fẹ́ sọ fún Ràbíátù?"

"Tí ọ̀nà bá burú, kí lẹ máa ń sọ fún kẹ́ẹ̀gì?"

Láwàlì wolẹ̀. "Mo máa ń ní, 'Rọra, olólùfẹ́ mi, a ti fẹ́ délé.'"

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún Ìyáàfin bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Láwàlì yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Tó bá wá kọ̀ ńkọ́?"

Dúrótoyè gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ibòji, ó nù ún lójú.

"Ẹ padà wá, sà. Ẹnì kejì yín wà lọ́dọ̀ mi."