Bí Mo Ṣe Pe Dókítà Wá Jẹ́rìí sí Eku Mi

Ọjọ́ tí dókítà ka ọmú èkúté lójú gbogbo èrò páàkì Ọ̀rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀ nígbà náà. Owó epo ń rìn nígboro, mọ́tò ń já èrò sílẹ̀ ní oríta wa, ebi sì ń pa gbogbo wọn. Òkété àti ẹmọ́ yíyan ni mò ń tà. Àwọn àgbẹ̀ abúlé Ajué ló ń pa á fún mi, mo sì máa ń na ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí igi tìrù-tìrù, torí ẹni tó bá ra eku láìrí ìrù rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ. Yàrá tí mo ń kó gàrí títà sí wà lẹ́yìn ìsọ̀.

Ni dókítà kan bá dé láti Ìbàdàn, ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń wọ ìbọ̀wọ́ nínú oòrùn. Ó ń fi àpótí páànù dẹ èkúté káàkiri Odígbó, ó ní kòkòrò ibà burúkú kan ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ èkúté. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn èèyàn ti ń yà fún ìsọ̀ mi bí ẹni pé ejò láàyè ni mò ń tà. Dẹ́rẹ́bà kan tó ti ń jẹ òkété mi láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù ní kí n má bínú, ìyàwó òun ṣì nílò òun.

Inú bí mi. Ọkọ mi ti kú, eku yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo gbé òkété tó sanra jù lọ, tòun ti igi rẹ̀, mo bá dókítà nídìí mọ́tò rẹ̀, mo nà án sí i nímú.

"Wá sísọ̀ mi, kó o sọ fún gbogbo páàkì bóyá àrùn wà nínú èyí tàbí kò sí. Kó o sì pariwo."

Kò bínú. Ó ní, "Ẹ sinmi, ìyá. Kì í ṣe gbogbo eku ni kòkòrò yìí ń bá gbé."

Ó ní irú èkúté kan ni kòkòrò náà yàn láàyò, kékeré, aláwọ̀ ilẹ̀, tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ti bá a gbé láti ìran dé ìran, títí ó fi mọ ara rẹ̀ bí àgbẹ̀ àtọ̀húnrìnwá ṣe ń mọ oko olóko. Kì í sábà jẹ́ kó ṣàìsàn, torí bí èkúté bá kú, ibo ló fẹ́ máa gbé? Inú ìtọ̀ rẹ̀ ló ń bá jáde. Àwa èèyàn ló ṣàjèjì sí, ló ṣe ń pa wá lára. Mo ní mi ò rí kòkòrò tó ń ṣa ilé gbé rí.

Ó tẹ̀ lé mi. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi nǹkan pamọ́, èmi fúnra mi, tẹ́nikẹ́ni ò bi léèrè, ni mo ṣí yàrá gàrí. Mo ní kó dẹ àpótí rẹ̀ síbẹ̀, kí gbogbo páàkì wá wò ó láàárọ̀. Mo ní èkúté kan ò tó bẹ́ẹ̀ kó jẹun nílé mi.

Wọ́n wá lóòótọ́. Àpótí mẹ́fà ni dókítà gbé jáde, èkúté wà nínú márùn-ún. Ó yí ọ̀kan sókè, ó ń ka ọmú. Ó dé mẹ́wàá, ó ń kà lọ, ni àwọn kọndọ́ básì bá ń bá a kà á. Lẹ́yìn náà ló rántí pé mo ní kó pariwo.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Èkúté tí à ń wá kò sí lórí igi ìyá yìí. Inú gàrí wọn ló wà."

Àpò gàrí mẹ́rin ni mo fọwọ́ ara mi rì mọ́lẹ̀. Ìgbà tó yá, ó ránṣẹ́ pé wọn ò rí kòkòrò kankan nínú èkúté márààrún. Ó ṣeun! Gàrí mi ti di ilẹ̀.

Àwọn oníbàárà padà ṣá. Dẹ́rẹ́bà yẹn ló kọ́kọ́ dé, ó ní òun fẹ́ òkété méjì, ṣùgbọ́n gàrí ń bẹ nílé òun. Láti ìgbà náà, garawa onídérí ni mò ń kó gàrí sí, mo sì ti kọ́ láti wo kọ̀rọ̀ ilé mi kí n tó pe ẹlẹ́rìí. Bí mo bá rí dókítà yẹn lónìí, màá bú u dáadáa. Ẹ̀rín ni kò ní jẹ́ kí n bú u tán.