Alhaji Àbdùlwàhídù àti Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Méjèèjì Tó Kú

Ẹ bá mi kí Alhaji Àbdùlwàhídù o! Ọkùnrin gẹ̀rẹ̀jẹ̀, olóhùn-bí-agogo, àgbà ọ̀mọ̀wé tí kì í ka lẹ́tà tán kó tó fèsì. Gbogbo Barkin Sale, àdúgbò wa, ló mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ni ní iléèwé ìjọba kan, àmọ́ ẹ má pè é ní akọ̀wé létí rẹ̀. OLÙDÁMỌ̀RÀN ló fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ilé rẹ̀, ó wá ní kí wọ́n ya àwòrán òun sí i, pẹ̀lú dígí dúdú lójú.

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: kó ṣáà ti wà níwájú. Níbi ìsọmọlórúkọ, òun ni yóò gba màíkì. Tí lémọ́mù bá pẹ́ díẹ̀ ní mọ́sálásí, Alhaji ti dé iwájú, ó ti ń tún ọ̀fun ṣe. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, lémọ́mù gan-an ló ti sẹ́yìn. Èmi ò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Ibi tó ti kàn mí rèé. Luqman ọkọ mi, dírẹ́bà ìjọba fún ọdún mọ́kàndínlógún, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́dún tó kọjá. Apá òsì ò gbé nǹkan mọ́, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Tí dókítà ìjọba bá fọwọ́ sí i pé àìsàn ló dá a dúró, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á jáde. Tí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ ọ́ pé ṣe ló sá kúrò níṣẹ́, ó parí nìyẹn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ̀rù fọ́ọ̀mù ń bà mí. Ni mo bá gba ilé Olùdámọ̀ràn lọ.

"Ìyá Haniyyah, o ti dé ibi tó yẹ kó o dé. Àwọn dókítà yẹn, ọmọ ọwọ́ mi ni wọ́n. Mú àkùkọ méjì wá."

"Méjì, Alhaji?"

"Ọ̀kan fún ìmọ̀ràn, ọ̀kan fún ẹnu tó gbé e jáde."

Mo mú méjèèjì lọ. Ọ̀kan wọ ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n so èkejì mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, ọjọ́ yẹn náà sì ni wọ́n fẹ́ ti ìwé orúkọ àwọn aláìsàn pa. A gbé Luqman sínú àga onítáyà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un, àwa àti Alhaji dé gbọ̀ngàn àyẹ̀wò kan ní Bosso. Èrò ti kún bámúbámú. Alhaji wo èrò, ó wo àga.

"Luqman, dìde. Èmi ni mo máa jókòó níbẹ̀."

"Haba, Alhaji! Ẹni tí ò lè rìn?"

"Ìyá Haniyyah, o ò mọ iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó wà nínú àga ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Màá wọlé ṣáájú, màá la ọ̀nà fún yín. Ìwọ jẹ́ kó fara tì ẹ́."

Mo gbà. Ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Bó ṣe jókòó báyìí, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Sabirah, ọmọbìnrin tó ń pe orúkọ, káàánú rẹ̀, ó tì í wọlé fúnra rẹ̀. Àṣé fáìlì tara rẹ̀ ló kó sábẹ́ agbádá, òun náà ń wá owó ìfẹ̀yìntì! Láti ẹnu ọ̀nà la ti ń gbọ́ ọ:

"Dókítà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti kú. Wallahi, ìdí ni mo fi ń wọ́ dé ibi bútà àlùwàlá."

Dókítà Akínlabí, ará Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fi òòlù kékeré gbá a lórúnkún. Alhaji ò mira. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú. Ó ní kó dúró níta, tí àwọn bá ti ìsinmi ọ̀sán dé, òun á lu òǹtẹ̀.

Ó kan Luqman. Ó rọ̀ mọ́ mi léjìká, òógùn bò ó.

"Bàbá yìí dúró dáadáa," Dókítà wí.

"Èmi ni mo gbé e dúró, sà!"

"Àga rẹ̀ dà?"

Mo wo ẹ̀yìn. Alhaji, nínú àga lẹ́nu ọ̀nà, ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́, òun ṣì ń la ọ̀nà. Mo dákẹ́.

"Ẹ padà wá lóṣù mẹ́fà sí i."

Oṣù mẹ́fà! Lórí ìwé orúkọ tí wọ́n fẹ́ tì pa lónìí! Mo bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pe ìrun àyìlà. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, lábẹ́ fèrèsé Dókítà. Ẹlẹ́sìn Kírísítì ni Dókítà ní tiẹ̀, ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ní kí Màlámù Junaid ṣíwájú, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ rí tín-ín-rín.

Mo rí i tí ọrùn Alhaji gùn. Junaid gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì.

"Kai! Junaid kẹ̀?"

Alhaji dìde nínú àga! Ó fo bàtà èèyàn kọjá, ó fi èjìká ti Junaid sápá kan, ó kọjú síwájú: "Ẹ to ìlà yín kó gún!"

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló forí kanlẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Èmi tí mo wà ní ìlà àwọn obìnrin, kí Ọlọ́run foríjì mí, n ò mọ ohun tí mo kà.

Ó sálámà tán, ó yíjú sí wa, ó gbọ́wọ́ sókè fún àdúrà. Ẹnì kankan ò ṣàmín. Gbogbo ojú ló wà lára àga tó ṣófo.

"Lémọ́mù, ẹ kú iṣẹ́ o," Dókítà wí láti ojú fèrèsé. "Ẹsẹ̀ tó kú láago mẹ́wàá ti jí láago kan."

"I-iṣẹ́ ìyanu ni, Dókítà! Àdúrà ló gbà!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà, kó padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé." Ó fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sórí ìwé náà.

Ẹ̀rín bú! Ojú ti Alhaji débi pé ṣe ló sáré padà lọ jókòó sínú àga.

"Ẹ dìde níbẹ̀," mo wí. "Alága dé."

Sabirah ti Luqman wọlé padà, ó sọ fún Dókítà pé òun gan-an ló ni àga. Dókítà fi òòlù gbá orúnkún òsì, ó gbé apá òsì sókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó já bọ́ bí aṣọ. Òǹtẹ̀ dún gbà!

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀ láàárọ̀?" Sabirah bi mí. "Ìwé ilé ìwòsàn nìkan la fẹ́. Ọ̀fẹ́ sì ni ìbéèrè."

Níta, Alhaji nawọ́ sí oníkẹ̀kẹ́ kan. Ìyẹn ti gbọ́ ìròyìn. "Baba, kẹ̀kẹ́ kẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ lo ẹsẹ̀ tuntun yín ná!" Èkejì, ẹ̀kẹta, bákan náà. Ó bá mú ọ̀nà pọ̀n, lójú oòrùn.

Àwa wọ kẹ̀kẹ́ tiwa. Kó tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo ti gbé àkùkọ mi kan tó kù sábẹ́ apá. Ọjọ́ yẹn ni Alhaji Àbdùlwàhídù kọ́kọ́ ṣe ẹni ìkẹyìn.