Béèsì Moróunmúbọ̀ àti Bàtà Gogoro

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tó fẹ́ yan ohun tó máa dúró tì, kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Obìnrin kan wà ní Ìpetumodù, Moróunmúbọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó kúrú bí odó, ẹnu rẹ̀ ló gùn. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ra rẹ̀ ní gìtá béèsì títa, torí kò sí olùkọ́ tó lè fara da ẹnu náà. Nígbà tí ẹni tó ń ta béèsì ní ìjọ wọn kó lọ sí Ìlọrin, Moróunmúbọ̀ ní òun ló kàn. Bùrọ́dà Gbádébọ̀, olórí akọrin, wò ó láti òkè délẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wò ó tán.

"Sísítà, béèsì ìdúró la fẹ́ lò lọ́jọ́ Ìkórè. Nǹkan náà ga. Ẹ jẹ́ ká wá ọkùnrin."

"Ọkùnrin wo? Ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń ta á ni?"

"Ó dáa. Ẹ lọ rà á wá. Bí ẹ bá ta orin Ìkórè dópin, àyè di tiyín. Bí ọwọ́ yín bá dá lágbedeméjì, ẹ padà sídìí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀."

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kẹ̀! Inú bí i títí dé Ìbàdàn. Bàtà gogoro ló wọ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wo òun nílẹ̀.

Àwọn béèsì ìdúró tó ń lo iná yìí kò ní ikùn bíi ti àtijọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, okùn mẹ́rin, ẹsẹ̀ irin kan nísàlẹ̀, wáyà sínú sípíkà. Mẹ́ta ni Alhaji Tìámíyù, tó ń tà wọ́n, kó síta. Àkọ́kọ́ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n Moróunmúbọ̀ ní ó kúrú, pé ẹni méjì ò lè kúrú nídìí orin kan. Èkejì dúdú, ó ní ó dà bí opó. Ẹ̀kẹta pupa, ó ga fíofío. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Iwájú dígí ló gbé e lọ.

"Ìyá, ẹ bọ́ bàtà ná," Alhaji wí, "ká fi ìdúró yín gan-an wọn ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Kí n bọ́ bàtà? Ṣé mọ́ṣáláṣí ni ṣọ́ọ̀bù yín ni?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ irin yìí ṣeé fà gùn, ó sì ṣeé tì wọlé…"

"Ibi tó wà yìí ló bá mi mu. Ẹ pe wẹ́dà, kó jó irin rẹ̀ pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá mi tì í sókè sódò."

Alhaji mirí. Wẹ́dà dé, ó jó o pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Moróunmúbọ̀ fi ń ta á ní pálọ̀, pẹ̀lú bàtà gogoro lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Ọjọ́ Ìkórè pé, ó wọ sùtánà, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọlé Ọlọ́run. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Orí rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ó bọ́ bàtà, ó rìn dé ìdí béèsì, ó nawọ́ sókè. Àfi bí ẹni pé béèsì ti dàgbà láti àná! Ọwọ́ kò tó òkè okùn, níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀.

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n dá orin. Moróunmúbọ̀ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró ta ẹsẹ àkọ́kọ́, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀. Ó gun kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n kó wá fún Ìkórè. Ó dára títí orin fi gbóná tí ìdí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kéréètì mì, ó sún sórí òkìtì iṣu. Iṣu yí. Òun àti béèsì dì mọ́ra wọn, ó di gbì! sáàárín ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Sípíkà bú bí àrá.

"Halelúyà!" Ìyá Dọ́káàsì, aríran ìjọ, fò sókè. "Ẹ̀mí ti gbé Sísítà ṣubú! Ó fẹ́ jíṣẹ́!"

"Màmá, kì í ṣe Ẹ̀mí o! Bàtà ni!"

Ṣùgbọ́n orin kò tíì parí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń wò ó láti orí àga. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ kò kúrú mọ́. Béèsì wà láyà rẹ̀, gbogbo okùn ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń gún un lẹ́yìn, ó sì ta orin náà dópin.

Gbádébọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè rí ojú rẹ̀. "Àyè di tiyín, Sísítà. Ṣé bí ẹ ó ṣe máa dùbúlẹ̀ ta á nìyí?"

"Ẹ yéé bi mí léèrè, ẹ bá mi pe wẹ́dà, kó wá gé ẹsẹ̀ irin yìí!"

Ó wá na ọrùn béèsì sí gbogbo ìjọ, bí àgbà tó ń kìlọ̀. Òun ni àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, ilẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sí tó fi pa á:

"Ẹni tó fẹ́ yan ohun tó máa dúró tì, kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà!"