Ilẹ̀ Tó Di Ìyá Kúdí Mú Lórúnkún

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ kì í mọ onílé? Bí ẹ bá ní àwọn baba ńlá wa ló pa á, ẹ ṣì í. Ìyá Kúdí tó ń gbé ní Ìwó ló fà á, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ni ẹlẹ́rìí.

Jẹ́jẹ́ ni obìnrin yìí ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kì í pa ìrun kan jẹ. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ẹnu rẹ̀ yá sí ìlérí ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí Tíámíyù ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn tán, ìyá ọkọ wò ó yíká, ó ní, "Ibí yìí mà fẹ̀ o! Àwa ìyá alásàlátù lè máa jókòó ṣàdúrà síbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Ìyá Kúdí ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. "Ìyá wa, ẹ máa bọ̀! N ó tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe débi pé bí ẹ bá forí kanlẹ̀, eruku kankan ò ní bá yín dìde."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ìyá alásàlátù ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ símẹ́ńtì ọ̀hún ń yọ eruku bí ìgbà tí wọ́n ń ku èlùbọ́, epo ọkọ̀ sì ti ta sí i káàkiri. Ìyá Kúdí kọ́kọ́ mú ọ̀dà ògiri tó ṣẹ́ kù nílé, ó fi kùn ún. Ó dán! Tíámíyù ti Ìbàdàn dé lọ́sàn-án gangan, táyà gbóná, ó gbé ọkọ̀ wọlé. Nígbà tó wà á jáde lọ́jọ́ kejì, táyà ká ọ̀dà náà kúrò nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní.

"Ìyá Kúdí," ni Tíámíyù wí nígbà tó dé, "ọ̀dà rẹ bá mi dé Òṣogbo lónìí."

"Ṣé ó kí wọn dáadáa níbẹ̀?"

Wọ́n sún àsàlátù síwájú. Ó ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, ó mu epo ọkọ̀ yó, ó wú bí àkàrà. Wọ́n tún sún un síwájú. Níkẹyìn, ìyá ọkọ pè é jókòó.

"Ìyàwó mi, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá di Sọ́ńdè tó ń bọ̀ tí ilẹ̀ yẹn ò tíì dára, ilé Ìyá Sùráà la ó gbé àsàlátù lọ. Bó bá sì ti débẹ̀, ibẹ̀ ló wà nìyẹn."

Ìyá Sùráà ni ìyàwó àbúrò Tíámíyù. Ìyá Kúdí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò tíì dé ọ̀rọ̀ àsàlátù.

Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Rájí tó ń ta ọ̀dà. Rájí gbé agolo méjì kalẹ̀, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. "Ẹ má wo dídán mọ́, Ìyá Kúdí. Ibi tí táyà ń tẹ̀, èyí tó máa le ni kẹ́ ẹ rà. Kékeré yìí ló ń mú kí ńlá le. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ o."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Nígbà tó délé, ó wo agolo kékeré náà títí. Obìnrin tó mọ ìtọ́jú ilé, ṣé ó lè da gbogbo iyọ̀ inú ilé sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo? Ó da ìdajì, ó dé ìyókù, ó fi pamọ́ sẹ́yìn fìríìjì nítorí ọ̀la. Ó tilẹ̀ yin ara rẹ̀. Ó wá kun ilẹ̀ náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń dúró kí ó gbẹ.

Nígbà tó fi di Sátidé, ilẹ̀ ń kọ mànà bíi dígí. Ìyá Kúdí bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọn kì í wọ bàtà tẹ ibi tí wọ́n máa forí kàn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ dá a padà fún un pẹ̀lú ìlọ́ra. Ó gbé èkejì, ilẹ̀ ní "ṣàà". Ó ní, "Á gbẹ tó bá yá." Àárín ilé ló dé tó gbọ́ ohùn ìyá ọkọ lẹ́nu ọ̀nà: "Àsàláámù aléékúmù!"

Ẹ̀kọ́ ilé kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ọgbọ́n. Kí ọgbọ́n tó dé, orúnkún ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Há! Ilẹ̀ rèé! Ọlọ́run á ṣe ọ́ lóore, ọmọ mi."

"Àmín, mà."

Ó yẹ kó dìde. Ó gbìyànjú, ilẹ̀ kọ̀. Ìyá rò pé àdúrà ni ìyàwó òun ṣì ń retí, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ, wọ́n ṣe é fún ọmọ ọmọ, wọ́n dé orí ọkọ̀, wọ́n dé orí táyà.

"Ó tó, dìde."

Ojú ń tì í láti sọ òótọ́. "Ìyá wa, ẹ tún bá mi ṣe díẹ̀ sí i."

Omi lé ròrò sójú ìyá. Irú ìyàwó wo rèé! Bí wọ́n ṣe tún tẹ́wọ́ ni Tíámíyù gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí àdúrà, ó rí ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó wó lulẹ̀ gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀ tàyàtàyà, tirùngbọ̀ntirùngbọ̀n. Ìyá Kúdí ń ṣẹ́jú sí i kíkankíkan. Ó rò pé ìfẹ́ ni.

"Tíámíyù, ìwọ náà dìde." Kò dìde. "Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n wá fà yín."

"Ẹ má wọlé!" Àwọn méjèèjì ló pariwo mọ́ ìyá.

Ojú ìyá yí padà. "Èmi? Kí n má wọlé ọmọ mi?"

"Ìyá wa, ẹ dárí jì mí," ni Ìyá Kúdí wí, ẹ̀rín àti ẹkún ń bá ara wọn jà lọ́fun rẹ̀. "Ìkúnlẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀kọ́ ilé. Ìyókù, ọ̀dà ni. Ìdajì ni mo dà, mo tọ́jú ìyókù."

"Irùngbọ̀n mi o," ni Tíámíyù wí láti ilẹ̀.

Ta ni ìyá ránṣẹ́ pè pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì? Ìyá Sùráà ni! Ó gbé pákó lé ilẹ̀, ó ta ìró mìíràn bo Ìyá Kúdí kó tó bá a gé èyí tó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ Tíámíyù: "Bọ̀dá mi, ṣé kí n gé e kù ni, àbí kí n gé e tán?" Nígbà tó ṣe tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ilẹ̀ tèmi kì í mú èèyàn o."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìta gbangba ni àsàlátù wà. Àwọn ìyá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n máa lọ sílé Ìyá Sùráà. Ìyá Kúdí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò lè gbójú sókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ dìde.

"Ẹ bá mi wò ó. Ìyàwó onílé kúnlẹ̀, ilẹ̀ mú un. Onílé fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ gba irùngbọ̀n rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ kì í mọ onílé! Ṣé èmi àti ẹ̀yin ló máa wá mọ̀? Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí àwọn kan, wọ́n sì yọ̀ǹda fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń kánjú lé ohun tí kò tíì tó, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un.

Ìyá Kúdí ha ọ̀dà ilẹ̀ náà dànù tirùngbọ̀ntirùngbọ̀n, ó fọ epo kúrò, ó ra agolo méjì mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó da kékeré sínú ńlá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n títí kò fi sí ẹ̀kán kankan mọ́. Ó kun ilẹ̀ náà, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó fi ọwọ́ tọ́ ilẹ̀ náà wò, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ, ó sì fi orúnkún tọ́ ọ kí ó tó pe ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá alásàlátù wọlé, wọ́n tò, wọ́n forí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gbé orí sókè, eruku kankan ò bá wọn dìde.