Omi Odò Tí Mo Fi Rẹ Létúùsì

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ inú ló máa ń bí mi tí mo bá rántí rẹ̀. Mi ò tíì lo oṣù méjì ní Banjul, olú ìlú Gambia, nígbà náà. Ìsẹ́yìn ni mo ti wá bá ọkọ mi, àdúgbò Half Die lẹ́bàá odò la sì ń gbé, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan odò yẹn rí. Ewé létúùsì ni mo ń tà lọ́jà.

Tísà kan tó jẹ́ ẹ̀yà Akú, tí èdè wọn jọ píjìn wa, obìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé, ní òun fẹ́ agbọ̀n létúùsì kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá dára, ọwọ́ mi nìkan lòun á máa rà á títí ọdún á fi parí. Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!

Nírọ̀lẹ́, mo gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ìlà gùn bí ẹni pé kò ní tán láé. Inú bí mi burúkú. Ṣé odò nìyí tó tẹ́ rẹrẹ níwájú ilé, tí mo wá ń tò nítorí omi? Nílé wa, omi odò la fi ń rẹ ẹ̀fọ́, á sì tutù yọ̀yọ̀ di àárọ̀. Mo bá kọjú sódò. Ìyá Sikirá, ará Ọ̀fà tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà, pariwo látorí ìlà: "Ìyàwó, má bu omi yẹn o! Omi iyọ̀ ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ jẹ́ n gbọ́ tèmi." Ìlara ni mo pè é. Iyọ̀ nínú odò? Ta ló dà á sí i? Mo pọn omi náà, mo sì rẹ agbọ̀n létúùsì kan sínú rẹ̀ mọ́jú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo létúùsì mi ti rọ bí àkísà ìnulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi hó! Dípò kí n ronú, ọjà ni mo gbé agbọ̀n lọ tààrà, mo dà á síwájú Ìyá Sikirá.

"Kí lẹ fi sí ewé mi? Ẹ ò fẹ́ kí n jẹun ni?"

Àwọn ẹlẹ́ja fi ọ̀bẹ sílẹ̀ wá wòran. Gèlè mi já bọ́, èmi fúnra mi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí mo ti ń fò sókè fò sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni Tísà bá wa. Ó mú ewé kan, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ pẹ̀ẹ́. Ó fi Akú bi mí pé omi wo ni mo rẹ ẹ́ sí. Mo tọ́ka sọ́nà odò. Ó ní omi tó wà nínú ewé ló ń mú kó le. Tí iyọ̀ ìta bá pọ̀ ju tinú lọ, omi á jáde tọ iyọ̀ lọ, ewé á sì rọ; omi òkun ló sì ń wọnú odò yẹn.

Irọ́ ni, mo fẹ́ wí bẹ́ẹ̀. Ìyá Sikirá bá rọra dá sí i: "Ìyàwó, ṣé ìwọ kì í fi iyọ̀ fọ ewúro ni? Níbo lo rò pé omi aláwọ̀ ewé yẹn ti ń jáde?"

Láti kékeré ni mo ti ń fi iyọ̀ fọ ewúro! Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, tèmi ti gèlè ẹlẹ́rẹ̀. Ó dárí jì mí, àmọ́ òun ló ta létúùsì fún Tísà láàárọ̀ yẹn, àti títí ọdún fi parí.

Ẹ tọ́ omi wò kẹ́ ẹ tó rẹ ewé sí i, ẹ má sì sáré pe ìkìlọ̀ àgbà ní ìlara. Títí dòní, tí mo bá fi iyọ̀ lé ewúro, tí omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo kọ́kọ́ máa ń bú ara mi dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń rẹ́rìn-ín.